Iṣẹ́ Tí Kẹ́hìndé Rán Táíwò

Alágoméjì, Yaba,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1976.

Àrìnpé ọmọ mi, Ìyá Ìbejì,

Òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Mo kí ọ, mo kí Theophilus ọkọ rẹ, mo sì kí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí kì í jẹ́ kí o jókòó. Àlàáfíà ni a wà. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì ní kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣàbí ìyá rẹ ní ẹja gbígbẹ tí o bèèrè ti wà lórí iná. Obìnrin Mákòókò tó ń bá a yan án ní kí a fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, kó má baà bu lọ́nà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja ló mú mi gbé gègé. Mísíìsì Abọ́dúndé, tíṣà ìwé karùn-ún tó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ méjèèjì, ránṣẹ́ pè mí. O mọ̀ mí, bí ilé ìwé bá ti pè mí, ẹ̀sùn ni mo máa ń rò. Mo ti ń wá ẹni tí n óò nà lọ́kàn mi kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà fi àga fún mi, ó gbé ìwé ìṣirò àwọn ọmọ ìwé kẹfà síwájú mi, ó ní Táíwò ti ṣe é tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹni tó rán an. Lẹ́yìn ìwé náà níbi tí wọ́n tẹ ìdáhùn sí, ọmọ náà fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ ọ̀kan, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo ṣe é wò fúnra mi, èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe akọ̀wé ìṣirò ní rélùwéè. Ọmọ rẹ ló tọ̀nà.

Mísíìsì Abọ́dúndé ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan wà tí ìjọba ń fi owó ara rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n sì ń mú. Oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀ ni ìdánwò rẹ̀. Ó ní kí a má ṣe dúró di ìgbà tí Táíwò bá dé ìwé kẹfà, pé ọ̀bẹ tí a kò fi gé nǹkan, yóò dípẹtà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa kọ́ ọ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde. Mo bi í pé Kẹ́hìndé ńkọ́. Ó ní ọmọ dáadáa ni Kẹ́hìndé, pé yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe tirẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá rẹ, ó gbé síbí sílẹ̀. Ó ní, “Ambrose, a bí wọn pọ̀, a pọ̀n wọ́n pọ̀, ìwọ wá fẹ́ yà wọ́n?” O rántí ọjọ́ tí a mú wọn lọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, tí ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n gbé ọwọ́ gba orí kọjá kí wọ́n fi kan etí. Ọwọ́ Táíwò kan etí, ti Kẹ́hìndé kò kàn án, ọkùnrin náà sì ní kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó etí padà wá lọ́dún mìíràn. Ìyá rẹ dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi mú, ó ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn, ọjọ́ kan náà ni wọn yóò wọlé. Wọ́n gba àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti etí ọjọ́sí náà ló tún padà dé yìí.

Kí ni ẹ wí, ìwọ àti ọkọ rẹ? Ẹ tètè fèsì, nítorí wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú tìrẹ jìnnà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ambrose Oyèníran.


Leeds,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá, ọdún 1976.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí Màmá. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ kú wàhálà wọn. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè wọn. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì kọjá ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sí ọsibítù nínú òjò, n kò tiẹ̀ mọ̀ pé òjò ń pa mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de ẹnikẹ́ni. Dókítà kan wà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ rẹ̀ kò ju Táíwò lọ, tíṣà méjì ló yà sọ́tọ̀ fún un nítorí pé ó ń ṣe ìṣirò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbàkígbà tí ó bá ń ròyìn ọmọ náà, èmi a máa bi ara mi pé kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ tèmi. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ọkàn mi kò balẹ̀ pé a lè jókòó wo ẹnu náà títí yóò fi pa dé.

Bàbá, n kò fẹ́ bá yín jà, ṣùgbọ́n ọmọ mi parí odidi ìwé ìṣirò, tíṣà ló wá sọ fún yín. Ṣé kò ṣe é níwájú yín rí ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní ibi tí ariwo kò sí. Ẹ má rán an níṣẹ́ nígbà tó bá ń kàwé. Bí iná mànàmáná bá lọ, kí wọ́n tan àtùpà tó mọ́lẹ̀ dáadáa fún un, kí ojú má baà dùn ún.

Sùnmọ́nù tí a jọ ń gbé ilé kan náà ń bọ̀ wá ṣe ọdún nílé. Mo fi àpótí kékeré onírin kan rán an, kọ́ńpáàsì àti rúlà ló wà nínú rẹ̀, ti Táíwò ni. Kẹ́hìndé yóò gba tirẹ̀ nígbà tí àkókò ìdánwò tirẹ̀ bá tó. Ẹ bá mi sọ fún Màmá kó má bínú. Kẹ́hìndé kì í ṣe òmùgọ̀, ẹ̀sọ̀ ni tirẹ̀, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí kò ní dúró dè wá.

Ọmọ yín,
Àrìnpé.


Alágoméjì, Yaba,
Ogúnjọ́, oṣù kìíní, ọdún 1977.

Ìyá Ìbejì, àbí kí n máa pè ọ́ ní Ìyá Táíwò báyìí?

A kú ọdún, a kú ìyèdún. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yìí, ètè gbogbo wa ti là. Ìlú kún fún àlejò nítorí ayẹyẹ ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Ìgànmú, a kò sì rí ọ̀nà kọjá mọ́.

Sùnmọ́nù dé lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì. Ọkùnrin náà kò mọ nǹkan kan, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó jókòó ní pálọ̀ níwájú gbogbo wa, ó tú àpò, ó ní, “Ta ni Táíwò?” Ó gbé àpótí kọ́ńpáàsì lé e lọ́wọ́. Kẹ́hìndé náà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń dúró. Nígbà tí ìdúró náà pọ̀ jù, Sùnmọ́nù dorí àpò kodò kí ọmọ náà lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Àrìnpé, ìwọ náà rò ó wò. Ṣé òtútù ló mú ọ gbàgbé pé a kì í ra ẹyọ kan fún ìbejì? Bó ṣe súìtì, méjì ni. Bó ṣe pàṣán, méjì ni. Ìyá rẹ gba àpótí náà lọ́wọ́ Táíwò, ó tì í mọ́ inú àpótí aṣọ rẹ̀, ó ní kò ní jáde títí èkejì rẹ̀ yóò fi dé.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ibà dá Kẹ́hìndé dùbúlẹ̀. Má fò sókè, ara rẹ̀ ti yá. Ṣùgbọ́n ó gbóná débi pé kò mọ ẹni tó ń pè é mọ́, ọsibítù ni a sì gbé e lọ. Ìyá rẹ sọ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ nílé kí a tó gbé e, n kò fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù báyìí ni ti Táíwò. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, máàkì rẹ̀ ti já wálẹ̀. Ìdánwò ìṣirò àkọ́kọ́, iye kan náà ni òun àti Kẹ́hìndé gbà. Ìkejì, iye kan náà. Mo rò pé wọ́n ń jí ara wọn wò ni. Mísíìsì Abọ́dúndé gbé ọ̀kan síwájú, ó gbé ọ̀kan sí ẹ̀yìn lẹ́bàá fèrèsé, iye kan náà ni wọ́n tún gbà. Ọmọ tó rí àṣìṣe inú ìwé ni mo bi pé kí ni mẹ́jọ lọ́nà méje, ó ní mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mo ní kó tún un rò. Ó wolẹ̀, ó ní, “Mo ti gbàgbé ni, Bàbá.”

Ìwọ ni nọ́ọ̀sì. Ṣé àrùn kan wà tó ń mú ọpọlọ ọmọ báyìí, tí kò ní ibà, tí kò ní orí fífọ́? A ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò oṣù kẹrin. Tètè fi èkejì àpótí náà ránṣẹ́, kí ìyá rẹ lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Bàbá rẹ,
Ambrose.


Leeds,
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, ọdún 1977.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìtọ́jú Kẹ́hìndé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Lóòótọ́, mo ṣe àṣìṣe lórí àpótí náà. Mo fi èkejì rẹ̀ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yín ni ọwọ́ Kẹ́hìndé tó nà sílẹ̀ ti ń dà mí láàmú, bí mo bá ń jẹun ni, bí mo bá ń tọ́jú aláìsàn ni.

Mo bi dókítà léèrè. Ó ní kí ẹ mú Táíwò lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Bí kì í bá ṣe ojú, ó ní ọmọ kì í ṣàdédé gbàgbé ohun tó mọ̀ dunjú, àfi bí nǹkan kan bá wà nílé tó ń bà á lọ́kàn jẹ́. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ilé yẹn ni. Màmá ni. Ẹ gba Màmá láyè kó fi ọ̀rọ̀ ìbejì dí ọmọ mi lọ́wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé sì dákẹ́ síbẹ̀, ẹ ń wò.

Theophilus ní kí a mú Táíwò wá sọ́dọ̀ wa. Yàrá kan ṣoṣo la ní, àyè ọmọ kan la lè rí nínú rẹ̀, kò lè gba méjì. Ẹ bá wa ya fọ́tò rẹ̀ fún pásípọ́ọ̀tù. Mo mọ̀ pé Màmá yóò sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún Màmá yóò tán lọ́jọ́ kan, ọpọlọ tó bá ti kú kò ní jí mọ́. Bí ẹ kò bá lè dáàbò bo ohun tí Ọlọ́run fi sórí ọmọ náà, ẹ fún mi lọ́mọ mi.

Àrìnpé.


Leeds,
Ọjọ́ keje, oṣù kẹta, ọdún 1977.

Bàbá mi, Màmá mi,

Mo kí yín o. N kò rí èsì. Àárọ̀ ni mo ń wo ẹnu ọ̀nà kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni mo tún ń wò ó. Theophilus ní bóyá lẹ́tà ló pẹ́ lọ́nà. Mo mọ ìgbà tí lẹ́tà bá pẹ́, mo sì mọ ìgbà tí bàbá mi bá ń bínú.

Ẹ foríjì mí lórí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ìbẹ̀rù ló sọ ọ́. Ṣé àpótí kejì dé? Ṣé Kẹ́hìndé ń jẹun? Ojú Táíwò ńkọ́, kí ni wọ́n rí níbẹ̀? Ìdánwò ti sún mọ́lé, n kò sì mọ nǹkan kan.

Àrìnpé.


Leeds,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 1977.

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe wáyà lásán ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí mi. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn méjèèjì wà láàyè. Kò pọn dandan kí ẹ kí mi.

Àrìnpé.


Alágoméjì, Yaba,
Ogúnjọ́, oṣù kẹrin, ọdún 1977.

Àrìnpé ọmọ mi,

Mo rò pé wáyà tí mo tẹ̀ ti dé ọwọ́ rẹ. Àwọn méjèèjì wà láàyè, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń jà lórí ẹni tí yóò gbálẹ̀. Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo bínú, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo ka “ẹ fún mi lọ́mọ mi,” mo fi lẹ́tà náà sínú Bíbélì, mo sì pa Bíbélì dé mọ́ ọn. Ó dùn mí nítorí pé ó súnmọ́ òtítọ́ jù.

Jẹ́ kí n sọ fún ọ bó ṣe jẹ́, nítorí a ti mọ àìsàn Táíwò báyìí.

A yẹ ojú rẹ̀ wò, ojú rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Àpótí kejì dé. Ìyá rẹ gbé méjèèjì jáde lọ́jọ́ kan náà, ó fi wọ́n lé wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ó tán. Kò tán. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, iye kan náà ni wọ́n tún gbà. Mísíìsì Abọ́dúndé fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níwájú mi, ó ní bóyá òun ló fi ẹ̀kọ́ pa ọmọ ọlọ́mọ lára.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo mú Táíwò nìkan lọ sí Ọ̀yìngbò, a fẹ́ ra iṣu. Ọkọ̀ ojú irin elẹ́rù ń kọjá, gbogbo wa sì dúró létí irin. Mo rí i pé ètè ọmọ náà ń mì. Mo kọ́kọ́ rò pé àdúrà ni. Kì í ṣe àdúrà, nọ́ńbà tó wà lára àwọn wágọ̀nù ló ń rò pọ̀ mọ́ra bí wọ́n ti ń kọjá. Èmi náà gbìyànjú, wágọ̀nù kẹta ló sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bá ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, “Mẹ́jọ lọ́nà méje, kí ni wọ́n tún ń pè é ná?”

Ó ní, “Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, Bàbá.” Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ bo ẹnu.

A jókòó sórí pákó kan lẹ́bàá àwọn oníṣu. Mo ní, “Táíwò, ta lò ń tàn jẹ?” Ó bú sẹ́kún. Ó ní, “Màmá sọ pé bí wọ́n bá fi ìbejì kan sílẹ̀, tí wọ́n ń gbé èkejì rẹ̀ ga, á bínú padà síbi tó ti wá. Bàbá, mi ò fẹ́ kí Kẹ́hìndé lọ.”

“Ìgbà wo ni Màmá sọ bẹ́ẹ̀?”

“Nígbà tí ibà ń ṣe é. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

“Báwo lo ṣe ń mọ iye tí Kẹ́hìndé máa gbà?”

“Èmi ni mo máa ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo mọ ibi tí kò yé e. Tí mo bá dé ibẹ̀, èmi náà á ṣì í.”

Àrìnpé, mo ti bá àwọn tó ń fi ìṣirò purọ́ ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, n kò rí irú èyí rí. Láti oṣù kìíní ni ọmọ yìí ti ń pa ara rẹ̀ kù kí èkejì rẹ̀ má baà kú. Mo sọ fún un pé irọ́ ni, pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà àtijọ́ ni. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?” Èmi tí mo ń gba ọrẹ nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mo dákẹ́ díẹ̀ kí n tó dáhùn. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó rí i. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí mo sọ tó wọ̀ ọ́ létí mọ́.

Mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ. Mo múra ìjà dé ni. Kò bá mi jà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, “Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè. Èmi ni mo fi ẹnu mi dè é.” N kò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí o ti wọ ọkọ̀ òfurufú.

Òun náà ló sì tú u, kì í ṣe èmi. Lọ́jọ́ kejì ó se ẹ̀wà, ó pè wọ́n jókòó sídìí àwo kan, ó ní, “Kẹ́hìndé, ta ni àgbà nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

“Èmi ni.”

“Ta ló kọ́kọ́ dé ayé?”

“Táíwò ni.”

“Kí ló dé tí àgbà fi kẹ́yìn?”

Kẹ́hìndé ní, “Ṣebí èmi ni mo rán an pé kó lọ wò ó bóyá ayé dára.”

“Nígbà tó ṣíwájú rẹ lọ, ṣé o bínú padà?”

“Rárá o, Màmá. Mo tẹ̀lé e ni.”

Ìyá rẹ ní, “Ó dára. Ilé ìwé kan ń bẹ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ bí ibẹ̀ ti rí. Rán àbúrò rẹ níṣẹ́.”

Kẹ́hìndé nu epo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ yẹ̀rì. O mọ ojú tó máa ń ṣe bó bá fẹ́ lo ẹ̀gbọ́n fún Táíwò. Ó ní, “Táíwò, lọ bá mi wò ó wá. Tó o bá tún ṣi ìṣirò nítorí mi, màá gbá ẹ létí.”

Wọ́n ṣe ìdánwò náà lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Táíwò kò fẹ́ wọlé àfi bí Kẹ́hìndé bá dúró síbi tí ojú òun yóò ti máa rí i. Gbogbo wa la dúró sínú oòrùn lẹ́nu géètì, Kẹ́hìndé níwájú. A ń retí èsì. Ní ti pásípọ́ọ̀tù, ọmọ rẹ ni wọ́n, n kò bá ọ du wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá ń bọ̀ wá mú ọ̀kan, wá àyè fún méjì.

Bàbá rẹ,
Ambrose Oyèníran.


Leeds,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún, ọdún 1977.

Bàbá mi, Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀, n kò sì tíì fẹ́ dìde. Màmá, ẹ dárí jì mí, orúkọ yín ni mo kọ sílẹ̀ bí orúkọ ọ̀tá. Mo ka ibi ẹ̀wà náà fún Theophilus, ó wọ bàtà, ó jáde.

Bàbá, ẹ ní ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó dá Táíwò lóhùn. Èmi tí mo ń gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, tí mo mọ ohun tó ń fa ibà, mo bi ara mi ní ìbéèrè kan náà, èmi náà sì dákẹ́. Ẹ bá mi bi Kẹ́hìndé ní kọ̀rọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn. Kí ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ bi í. Mo ti fi aṣọ òtútù ránṣẹ́, méjì ni, àwọ̀ kan náà.

Ọmọ yín,
Àrìnpé.


Alágoméjì, Yaba,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, ọdún 1977.

Ìyá Ìbejì,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì tọrọ sùúrù rẹ kí o tó ka ìyókù. Láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́ sí ọ pé wọ́n mú Táíwò, pé a sì ti sìn ín dé ilé ìwé náà nínú oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà kúkúrú ni mo ń kọ sí ọ. O bi mí nídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ibà Kẹ́hìndé padà dé nínú oṣù kẹwàá.

Dókítà ní ibà lásán ni, pé ẹ̀fọn pọ̀ ní àdúgbò wa. Mo gbọ́. Ìyá rẹ náà gbọ́. Ṣùgbọ́n a kò lè wo ojú ara wa. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé Táíwò sínú ọkọ̀. Mo ń gbàdúrà, ẹ̀rù àdúrà náà sì ń bà mí. A kò sọ fún ọ, a kò sì jẹ́ kí Táíwò gbọ́, nítorí bó bá gbọ́, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn wálé.

Láàárín ìgbà náà ni ọ̀gá ilé ìwé wọn kọ̀wé sí mi. Ó ní Táíwò ló kẹ́yìn nínú kíláàsì, pé ó ń jókòó bí àlejò, pé bí kò bá yí padà kí sáà tó parí, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò sọ ti ibà náà fún un o. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹnu géètì tí ó ti lè máa rí èkejì rẹ̀ mọ́.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù yìí ni ọjọ́ àbẹ̀wò wọn. Kẹ́hìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ni, aṣọ òtútù tí o rán sì ti tóbi jù fún un, ṣùgbọ́n ó ní bí a bá fi òun sílẹ̀, òun yóò tẹ̀lé wa lẹ́yìn. A gbé e lọ. Ìyá rẹ ru oúnjẹ. Gbogbo ọmọ yòókù sáré sídìí oúnjẹ àwọn òbí wọn, Táíwò kò tiẹ̀ wo tiwa. Ó di ọwọ́ Kẹ́hìndé mú, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, “O ti rù.”

Kẹ́hìndé ní, “Ibà ni. Ó ti lọ.”

“Mo rò pé o ti lọ ni.”

“Kí n lọ síbo, nígbà tí mi ò tíì gbọ́ èsì iṣẹ́ tí mo rán ẹ? Ibí ńkọ́, ṣó dára?”

Táíwò yíjú wo ilé ìwé náà, gbogbo fèrèsé rẹ̀ àti pápá rẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Ó ní, “Mi ò tíì wò ó.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Wò ó nígbà náà. O ń dá mi dúró.” Lẹ́yìn náà làwọn méjèèjì jókòó, wọ́n jẹ ẹ̀wà tán láìbu fún wa.

Lánàá ni èsì dé. Orúkọ Kẹ́hìndé ló wà lára rẹ̀, kò kí èmi, kò kí ìyá rẹ. Táíwò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti wò ó, pé ó dára, pé yàrá kan wà níbẹ̀ tó kún fún ìwé láti ilẹ̀ dé òkè, pé kó máa bọ̀. Kẹ́hìndé kà á lórí ìdúró. Ó lọ gbé àpótí kọ́ńpáàsì tirẹ̀ jáde, ó nu eruku orí rẹ̀, ó sì bi mí pé aago mélòó ni Mísíìsì Abọ́dúndé máa ń wà nílé.

Bàbá rẹ,
Ambrose Oyèníran.